Igi tí Félicité Kó Jọ

Ní Kèrè, lábẹ́ òkè Dásà, aboyún kì í dúró di ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kó tó kó igi ìdáná jọ, nítorí omi gbígbóná tí wọn yóò fi wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìbímọ. Ìdí nìyí tí ẹnu fi ya àdúgbò lọ́dún 1967, nígbà tí Félicité, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, bẹ̀rẹ̀ sí í to igi sẹ́yìnkùlé. Wọ́n á kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Bó bá ti kọjá, wọ́n á máa fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀. Oníwàhálà gbogbo!

Kò ṣàlàyé fẹ́nì kan. Ta ni ì bá ṣàlàyé fún? Grégoire ọkọ rẹ̀ ń ru ẹrù ní èbúté Kutọnu, ọdún Noẹ́lì, ìyẹn Kérésìmesì, nìkan ló ń wálé. Valentine, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nílé ọkọ ní Paráku. Láti ìgbà tí Grégoire ti padà síbi iṣẹ́ ni Félicité ò ti rí nǹkan oṣù rẹ̀ mọ́. Oṣù márùn-ún gbáko! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín nínú ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́ náà.

Àmọ́ ara rẹ̀ ò gbádùn. Ooru á ṣàdédé bò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ á rin gbingbin. Oorun kì í kùn ún. Nígbà tó lọ sílé ìwòsàn, ọkùnrin tó bá níbẹ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi fún un ní oògùn ibà. Félicité da oògùn náà nù, kó má baà ba oyún jẹ́.

Ìgbà tó yá, ó lọ bá Àbẹ̀ní, agbẹ̀bí àgbà. Àbẹ̀ní fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ títí.

“Kò sí ọmọ níbẹ̀, Ìyá Valentine. Nǹkan oṣù rẹ ló ń dáwọ́ dúró. Bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn.”

Félicité sunkún kíkankíkan. Àbẹ̀ní jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn, kó tó bi í léèrè oúnjẹ rẹ̀, ibi tó ń sùn, àsìkò tó ń lọ sóko.

“Ta lẹ jọ ń jẹun?”

“Kò sẹ́nì kankan, Ìyá.”

Àbẹ̀ní mí kanlẹ̀. “Tẹ́ ẹní rẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí atẹ́gùn òkè máa fẹ́ sí ọ. Dín ata kù. Máa tètè ti oko dé kí oòrùn tó mú. Ti ẹlòmíì lè yàtọ̀, tìrẹ nìyẹn. Igi tó o tò sẹ́yìnkùlé yẹn, máa gbé e wá fún mi, ìdì kan lójúmọ́. Tó o bá ti dé, ká jọ jẹun.”

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Ooru náà ò lọ tán, ṣùgbọ́n ó ń rí oorun díẹ̀ sùn. Lọ́jọ́ kan, ó yà sí ẹ̀yìnkùlé Àbẹ̀ní, ó bá gbogbo igi tó ti ń gbé wá níbẹ̀, wọ́n tò ó kan òrùlé. Àbẹ̀ní ò tíì fi ẹyọ kan nínú rẹ̀ dáná. Félicité to ti ọwọ́ rẹ̀ tì wọ́n, ó sì wọlé lọ jẹun.

Nígbà tó délé, ìdì kan péré ló kù. Ó jókòó tì í. Lẹ́yìn náà, ó tú okùn rẹ̀, ó pín in sí méjì, ó sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ọ̀kan fún ọ̀la, ọ̀kan fún ọ̀túnla.