Tahar Onígéèmù Japan àti Oko Àlùbọ́sà Anwar

Bí èèyàn bá wọ ọjà Derb Ghallef tó ní Tahar lòun ń wá, wọ́n á bi í pé Tahar wo. Tahar tó ń tún fóònù ṣe wà níbẹ̀, Tahar tó ń ta àga àlòkù náà wà níbẹ̀. Àmọ́ bó bá ní Tahar tó ń ta ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni, gbogbo ọwọ́ á nà sí ibì kan náà, sí ìsọ̀ onípáànù kan tó há bí ihò eku, lẹ́yìn àwọn tó ń ta táyà kẹ̀kẹ́.

Géèmù Japan ni Tahar ń tà. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ti túmọ̀ sí Faransé tí gbogbo ìsọ̀ kó síta, bí kò ṣe èyí tí àwọn ará Japan ṣe fún ara wọn nìkan, tí kò sì wá sí wọn lọ́kàn pé ẹlòmíì láyé lè fẹ́ ẹ. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi, ló ń kó wọn bọ̀ láti Osaka lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Tahar fúnra rẹ̀ ò gbọ́ èdè Japan. Ogún ọdún ló fi ń ta ọjà yìí, kò mọ lẹ́tà kan níbẹ̀. Sùúrù ló ní. Bí géèmù tuntun bá dé, á jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àjákọ, á tẹ ìlà kìn-ín-ní, á wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀. Á tẹ ìkejì, bí ó bá kú nínú ayò náà, á kọ ìyẹn náà sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè fi odidi ọ̀sẹ̀ kan wá ibi tí wọ́n ti ń sùn nínú ayò náà. Nígbà tó bá mọ gbogbo rẹ̀ tán, á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan, Lárúbáwá lápá ọ̀tún, Faransé lápá òsì, á ká a sínú páálí géèmù náà. Tìtorí ìwé pélébé yẹn làwọn èèyàn ṣe ń ti Rabat àti Fez wá.

Lókè gbogbo ìwé náà, bírò pupa ló fi ń kọ òfin kan ṣoṣo: Òdo ni bẹ́ẹ̀ ni, ẹ́kìsì ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Bọ́tìnnì méjì ló wà lórí ohun tí wọ́n fi ń ta ayò náà tó ṣe pàtàkì, ọ̀kan rí róbótó bí òdo, èkejì rí bí ẹ́kìsì. Lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, tí ó kún gbogbo ilé wa, ẹ́kìsì ni wọ́n fi ń gbà, òdo ni wọ́n fi ń kọ̀. Àwọn ará Japan dà á dé. Lọ́dọ̀ tiwọn, òdo ni olùkọ́ ń fún ọmọ tó bá yege.

“Ẹ ò rí i, olódo ló ń gba ipò kìn-ín-ní níbẹ̀,” ni Zhor ìyàwó rẹ̀ wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. “Ká ní Japan ni wọ́n bí yín sí ni, Bàbá Ghita, ẹ̀ bá ti di mínísítà.”

Ọdún àkọ́kọ́, ọwọ́ Tahar ṣe àṣìṣe títí. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ náà gbọ́n ju orí lọ. Ó lè máa bá oníbàárà rojọ́, kó máa mu tíì, kí ọwọ́ rẹ̀ máa dáhùn gbogbo ìbéèrè tí tẹlifísọ̀n bá bi í. Kò wo ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ mọ́. Kí ló fẹ́ wò nínú ohun tí kò lè kà?

Nínú gbogbo oníbàárà rẹ̀, ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún jù ni Batoul, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Anwar. Obìnrin opó ni, ó ń ṣe búrẹ́dì tà ní Hay Hassani, ó sì mọ Kùránì sórí láìmọ lẹ́tà kan nínú rẹ̀. Anwar, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló fẹ́ràn géèmù. Àyànfẹ́ rẹ̀ ni ti abúlé kan tí èèyàn ti ń dáko. Ó kọ́ ahéré síbẹ̀, ó gbẹ́ kànga, ó gbin ọ̀pọ̀tọ́ kan àti ebè àlùbọ́sà mẹ́fà. Ọmọkùnrin kékeré kan tó dé fìlà aláwọ̀ ewé máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ahéré náà. Anwar fún un ní orúkọ ara rẹ̀.

Ó di ọdún méjì báyìí tí Anwar ti lọ sí gúúsù, lọ wọ ọkọ̀ onígi tó ń kó èèyàn lọ sí erékùṣù àwọn ará Spain. Bó ṣe fẹ́ jáde, ó ní, “Ìyá, ẹ bá mi máa bomi rin àlùbọ́sà mi títí n ó fi pè yín.” Ó sọ ọ́ bí àwàdà. Kò tíì pè.

Lọ́jọ́ kejì tó ti lọ ni Ìyá Anwar wá sí ìsọ̀, ó ní kí Tahar kọ́ òun. Tahar ya gbogbo rẹ̀ ní àwòrán fún un: òdo ńlá kan tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ́kìsì kan tó bojú jẹ́, àwòrán kànga, àwòrán agbè omi. Láti ìgbà náà, lójoojúmọ́, bó bá ti kí ìrun Alásàrí tán, á jókòó síwájú tẹlifísọ̀n, á bomi rin oko ọmọ rẹ̀. Abúlé náà ní aago tiẹ̀, tó ń bá ọjọ́ ayé rìn. Bí èèyàn bá pa ọjọ́ kan jẹ, àlùbọ́sà á rọ. Ọjọ́ mẹ́ta, á kú. Kò tíì pa ọjọ́ kan jẹ rí, títí kan ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá tó bí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó yọ sí ìsọ̀ Tahar. Ó tú ìdí ańkáṣífù, ó mú mẹ́mórì jáde, ike pẹlẹbẹ tí kò ju páálí ìṣáná lọ, tí ẹ̀rọ fi ń rántí ibi tí èèyàn bá ayò dé.

“Tahar ọmọ mi, ó ti ń kọ̀ mí. Lánàá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kan ilẹ̀kùn kó tó ṣí.”

Tahar yẹ̀ ẹ́ wò. “Ó ti darúgbó ni, Ìyá. Màá da ohun tó wà nínú ẹ̀ sínú tuntun fún yín.”

“Ṣé kò ní dà sílẹ̀?”

“Ìyá Anwar! Èmi Tahar?”

“Mo kàn bi ọ́ ni. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ò lè gbé ọbẹ̀ láti ilé ìdáná dé yàrá kó má dà sílẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Mo fẹ́ lọ ra ẹja. Màá padà ṣáájú Alásàrí.”

Tahar tan ẹ̀rọ Japan rẹ̀. Iná Japan ò le tó tiwa, nítorí náà tiransfọ́mà ló ń bá a dín iná kù. Tiransfọ́mà náà kùn, ó rú èéfín tín-ín-rín, ó dákẹ́. Tahar ké sí Maati, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń tún rédíò ṣe nísọ̀ kejì.

“Fíúsì ló jó,” ni Maati wí. “Kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, jẹ́ kí n parí eléyìí ná.”

“Ìyá Anwar ń bọ̀ ṣáájú Alásàrí.”

“Gba ẹ̀rọ tèmi nígbà náà. Ti Yúróòpù ni o, má lọ máa fi Japan kọ lù ú.”

Nǹkan tí kò kánjú ni Tahar kánjú sí. Kí obìnrin náà má bàa dúró ló ṣe ṣe é, inú rere ni. Ó ki mẹ́mórì àtijọ́ sí ojúhò kìn-ín-ní, ó ki tuntun sí ìkejì. Àwòrán ahéré kékeré kan yọ lójú tẹlifísọ̀n. Ó tẹ òdo. Ẹ̀rọ náà padà sẹ́yìn.

“Áà, Yúróòpù,” ló wí, ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Ó tẹ ẹ́kìsì, ahéré náà ṣí, ìlà ọ̀rọ̀ méjì jáde. Lórí ẹ̀rọ tiẹ̀, ìlà òkè ló ń ṣe ẹ̀dà. Ó tẹ ìlà òkè.

Ìbéèrè kan jáde, pupa. Tahar mọ pupa. Ní gbogbo ayé, ìbéèrè pupa ni ìbéèrè tó ń pani. “Rárá!” ló pariwo, ọwọ́ rẹ̀ náà sì pariwo rárá bó ṣe ń sọ ọ́ láti ogún ọdún. Ó tẹ ẹ́kìsì.

Ahéré náà pòórá.

Ọ̀rọ̀ ṣì wà lójú tẹlifísọ̀n. Faransé ni, Faransé tí Tahar ti ń kà láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó kà á báyìí: ó ti parẹ́. Ìgbà yẹn ló wá rántí ìbéèrè tó ṣáájú, gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, gedegbe: ṣé ó dá yín lójú pé ẹ fẹ́ pa á rẹ́? Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ bá Tahar sọ èdè tó gbọ́, kò fetí sí i.

Ó yọ mẹ́mórì náà, ó tún un kì. Ó fẹ́ ẹ lẹ́nu, ó fi aṣọ nù ún, ó sọ Bísímílà, ó tún un kì. Ó pe akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Rabat tó mọ inú ẹ̀rọ bí ẹni mọ inú àpò ara rẹ̀. Ọmọ náà bi í ní ohun tó tẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n,” ló wá sọ, “ó ti lọ nìyẹn.”

Maati dé pẹ̀lú tiransfọ́mà tó ti tún ṣe. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó wí náà ni, kò lé kan. Ó wo ojú Tahar, ó jókòó.

“Ṣebí kò mọ̀wé,” ni Maati wí nígbà tó gbọ́ ọ. “Bẹ̀rẹ̀ abúlé mìíràn. Gbin àlùbọ́sà.”

“Ó mọ ebè kọ̀ọ̀kan.”

“Sọ pé ike náà ló kú lọ́wọ́ ẹ. Ó kúkú ti ń kú tẹ́lẹ̀.”

Tahar rò ó. Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ó rò ó dáadáa. Irọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́, irú ẹ̀ ló sì ń dùn-ún pa jù. Ó ṣì ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí Ìyá Anwar wọlé pẹ̀lú ìdì sàdíìnì méjì nínú ìwé ìròyìn.

“Mo ra tìrẹ mọ́ ọn,” ló wí, ó gbé ìdì kan lé orí àpótí. “Zhor á bá ẹ dín in. Gbé tèmi fún mi, àsìkò ti fẹ́ẹ́ tó.”

“Ẹ jókòó, Ìyá.”

“N ò ní jókòó.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.”

Ó jókòó. Obìnrin tó ti ń retí ìpè fóònù fún ọdún méjì mọ ohùn yẹn kí wọ́n tó sọ ọ́.

“Èmi ni mo pa á rẹ́,” ni Tahar wí. “Kì í ṣe ike náà. Ọwọ́ mi yìí ni.”

“Àlùbọ́sà yẹn?”

“Gbogbo ẹ̀.”

“Ilé ńkọ́?”

“Gbogbo ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ọmọ tó dé fìlà yẹn ńkọ́? Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.”

Maati ló lanu. “Ìyá, kàdárà ni.”

“Kàdárà ni wọ́n ti ń bá mi sọ láti ọdún méjì, Maati. Tahar ni mò ń bá sọ̀rọ̀.” Ó nawọ́. “Fi hàn mí.”

Maati so tiransfọ́mà mọ́ ẹ̀rọ Japan, ó tan án. Géèmù abúlé náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin rẹ̀, orin tí gbogbo ọjà ti mọ̀. Ìlà méjì jáde bí ìṣe wọn. Ti òkè ń tàn: bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ti ìsàlẹ̀, èyí tí Ìyá Anwar ń tẹ̀ lójoojúmọ́, èyí tó ń gbé e lọ sílé ọmọ rẹ̀, ti ṣá, ó funfun bí eérú. Ìyá Anwar sún sórí rẹ̀, ó tẹ òdo. Ẹ̀rọ náà ṣe dùn-ùn, bí ẹni tó kan ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì pa.

“Òdo ni bẹ́ẹ̀ ni,” ló wí. “Ìwọ lo kọ́ mi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ṣé wọ́n ti yí i padà ni?”

“Wọn ò yí i padà.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Dùn-ùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Tahar mọ̀ pé ohun tó yẹ kí òun sọ ni pé kó tẹ ti òkè, pé kó bẹ̀rẹ̀ tuntun, pé òun á wá máa bá a ro oko náà. Ìyá Anwar ń tẹ̀ ẹ́ lọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń ka tẹ̀súbà, Maati sì kọjú sí ògiri.

Ládàánì pe ìrun Alásàrí. Ìyá Anwar gbé ohun tó fi ń ta ayò sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ yọ mẹ́mórì àtijọ́ náà, ó tẹ́ ańkáṣífù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

“Òfo ni o, Ìyá,” ni Tahar wí. “Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́.”

“Mo gbọ́.” Ó dì í ní kókó méjì, bó ṣe gbé e wá. “Bó bá pè lónìí, tó bi mí, kí ni kí n sọ fún un?”

Tahar tó ń kọ ìwé pélébé fún gbogbo ohun tí kò yé èèyàn, dúró níbẹ̀ láìní ìlà kan. Obìnrin náà dìde, ó jáde, ó gba àárín àwọn táyà kẹ̀kẹ́ kọjá. Tahar ló rí ẹja lórí àpótí. Ó gbá a mú, ó sáré tẹ̀ lé e.

“Ìyá! Ìyá Anwar! Ẹja yín!”

Kò wẹ̀yìn. “Ti èmi wà lọ́wọ́ mi,” ló wí. “Tìrẹ nìyẹn. Ṣebí mo ti sọ fún ẹ.”