Ọ̀dà Búlúù Lórí Irin Alágbẹ̀dẹ

Ẹnu bàbá alágbẹ̀dẹ mú ju ọ̀bẹ tó ń rọ lọ. Kò sí oníbàárà tó máa wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ èédú tó máa ń pò mọ́ irin. Á ní èyí tí èédú rẹ̀ pọ̀ le, àmọ́ ó lè ṣẹ́. Èyí tí tiẹ̀ kéré kì í ṣẹ́, títẹ̀ ló máa ń tẹ̀. Ti àárín ló dára fún ọ̀bẹ alápatà. Kó má bàa ṣì wọ́n mú, ó fi ọ̀dà kun orí ọ̀pá irin kọ̀ọ̀kan: pupa fún èyí tó pọ̀, àwọ̀ ewé fún ti àárín, funfun fún èyí tó kéré.

Nígbà tí àwọn àna wọn fẹ́ wá kí wọn, ìyàwó rẹ̀ gbá ṣọ́ọ̀bù, ó wo àwọn irin náà, wọ́n rí wúruwùru lójú rẹ̀. Ló bá fi ọ̀dà búlúù kun gbogbo wọn.

"Ìyá àwọn ọmọ, o ti pa mí!"

"Mo tún un ṣe ni o. Ṣé kò rẹwà ni?"

Olórí alápatà ń bọ̀ wá gba ọ̀bẹ méjìlá lọ́jọ́ kẹta. Méjì nínú èyí tí bàbá rọ tẹ́lẹ̀ ti ṣẹ́ mọ́ àwọn alápatà lọ́wọ́, ó sì ti búra pé bí ẹyọ kan bá tún ṣẹ́, ó dìgbóṣe. Bẹ́ẹ̀ àwọn alápatà nìkan ló kù tó ń gbé iṣẹ́ fún bàbá.

"Ṣebí ẹ ní iná tó ń ta lára irin tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́ lẹ fi ń mọ bí èédú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó," ni ìyàwó wí.

Bàbá gbé irin kan sẹ́nu òkúta tó fi ń lọ irin. Iná ta. Kò rí ju kùrukùru pupa lọ. Ó ti tó ọdún méjì tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ìtìjú ni kò jẹ́ kó sọ.

"Kí lo rí?" ó bi ìyàwó rẹ̀, bí olùkọ́ tó ń dán ọmọ wò.

"Ó gùn, kò pín."

"Ó kéré. Èyí ńkọ́?"

"Ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, bí àgbàdo tó ń ta nínú ìkòkò."

"Ó pọ̀ jù!"

Nígbà tí wọ́n fi dórí ìkẹwàá, ìyàwó ti ń dáhùn kí bàbá tó béèrè.

Lọ́jọ́ kẹta, olórí alápatà fi ọ̀kan nínú ọ̀bẹ tí bàbá fi irin ti àárín rọ ṣá eegun màlúù, gbàà! Ẹnu ọ̀bẹ ò tilẹ̀ yẹ̀.

"Bàbá, ojú yín ṣì mú o!"

Bàbá wú ikọ́, ó fẹ́ gba ìyìn náà. Ó wo ọ̀dọ̀ ìyàwó rẹ̀, tó tẹríba tó ń gbálẹ̀. Ojú tì í, ìfẹ́ obìnrin náà sì gbà á lọ́kàn.

"Ojú tèmi ti lọ," ó ní. "Ojú ìyàwó mi ló yan irin yẹn."

Ìyàwó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́! Èmi ti mọ̀ látọjọ́ tẹ́ ẹ kí ẹ̀wù tí mo sá sórí okùn pé, 'Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n.'"