Sinimá Ni, Kì Í Ṣe Òfin

Bí mo bá rántí Ìkẹ́nnẹ́, òórùn obì gbànja tí wọ́n rẹ sómi ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, òórùn tó kan díẹ̀, tó ń ti ẹ̀yìnkùlé wọ yàrá, tó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gba ìjọba nígbà náà. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan lókè òkun tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ sinimá sì ní kí n wá rí àwọn aṣojú wọn l'Ékòó, kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Ìyá mi, oníṣòwò obì, ló ń bá mi múra. A ó jókòó ti agbọ̀n, a ó máa bó èèpo funfun ara obì, yóò wá ṣe bí òyìnbó: "Kí ló dé tó fi jẹ́ sinimá?" Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í to gẹ̀ẹ́sì ńláńlá, á mi orí. "Ìyẹn ò tíì tinú rẹ wá. Tún un sọ."

Bàbá mi ńkọ́? Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, òun ló sì ń ka Bíbélì sétí ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kò ní kí n má lọ o. Ó kàn ń sọ fún gbogbo ayé pé ìmọ̀ òfin ni mo fẹ́ lọ kà. Ó ń dùn mí wọra, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ta ló jẹ́ pe bàbá rẹ̀ ní onírọ́?

Ní ìjọ wa, ẹni tó bá ń rìnrìn àjò tàbí tó fẹ́ ṣe ìdánwò á lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Àlùfáà á sọ ohun tó ń bá lọ, kí gbogbo ìjọ lè mọ ohun tí wọ́n máa bá a tọrọ. Bàbá mi ti bá àlùfáà sọ̀rọ̀ kí n tó kúnlẹ̀.

"Ọmọ wa yìí ń lọ sí Èkó nítorí ẹ̀kọ́ òfin," ni àlùfáà wí.

Ara mi gbóná. Ṣé iṣẹ́ oníṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ bá mi tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run?

"Sinimá ni, sà. Kì í ṣe òfin."

Àlùfáà wo bàbá mi, ó tún wò mí. "Sinimá kẹ̀? Kí ló dé?"

"Nínú gbogbo sinimá tí mo ti wò, sà, mi ò tíì rí obìnrin kan tó ń bó obì. Èmi fẹ́ yà á."

Ẹnì kan pòṣé. Ìyá mi dìde láàárín àwọn ìyá ìjọ, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó rìn wá síwájú, ó sì kúnlẹ̀ tì mí. Ni àlùfáà bá gbé ọwọ́ lé wa lórí méjèèjì.

"O dójú tì mí," ni bàbá mi wí bí a ti délé.

"Ẹ má bínú, sà. Ohun tí mo ń lọ ṣe ni mo sọ."

Àwọn tó jókòó níwájú mi l'Ékòó bi mí ní ìbéèrè kan náà, àyà mi ò tiẹ̀ já. Àlejò lásán ni wọ́n lójú mi. Wọn ò mú mi lọ́dún yẹn, àwọn kan ní Ìkẹ́nnẹ́ sì ní Ọlọ́run ló gbèjà bàbá mi. Mo gbọ́, mo rẹ́rìn-ín, mo padà lọ lọ́dún kejì, wọ́n sì mú mi. Síbẹ̀, bí wọ́n bá bi mí ní ọjọ́ tí mo di oníṣẹ́ sinimá, ọjọ́ Ìsinmi yẹn ni mo máa ń dárúkọ, nígbà tí n kò tíì fọwọ́ kan kámẹ́rà rí.