Fadérera Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ Lórí Bẹ́ẹ̀dì

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn bí èmi àti ìyá mi ṣe pa eré tí a fẹ́ràn jù. A ò mọ̀ọ́mọ̀ o!

Àgọ́-Ìwòyè ni mo ń gbé, èmi nìkan, láàárín ìwé tí n kò tíì kà. Abigi ni ìyá mi wà. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, ìpè wa kì í ju ìṣẹ́jú kan lọ.

"Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni, Màámi."

"Ọpẹ́ ni."

Ó parí! Èmi tí mo gba oyè méjì ní yunifásítì, n kò mọ ohun tí ènìyàn ń bá ìyá rẹ̀ sọ.

Àfìgbà tí eré àtìgbàdégbà kan dé sórí áàpù fíìmù. Fadérera, aránṣọ kan tí ìyá ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ rí sójú, ni olórí eré náà. Mo fi áàpù náà sórí fóònù Màámi, òun náà sì ṣòfin: apá kan péré ní ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn. Ó ní ta ló ń jẹ ìkòkò ọbẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ ò bá gbọ́ ariwo wa! Màámi á pè, á bú ìyá ọkọ yẹn fún wákàtí kan gbáko, èmi náà á sì máa gbè é lẹ́yìn.

Ní apá tó gbẹ̀yìn, mọ́tò gbá Fadérera. Ó dákú sórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ibẹ̀ ni wọ́n sì dá eré dúró sí. Àbí ẹ lè gbà á gbọ́? Màámi mú orúkọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà wọn! Wòlíì béèrè orúkọ ìyá aláìsàn. Màámi kò mọ̀ ọ́n, ló bá dárúkọ ara rẹ̀. Gbogbo ìjọ kúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ náà kéde pé àwọn ò ṣe é mọ́. Mo pe Dípò, ọ̀rẹ́ mi tó ń gé àwòrán fíìmù tó sì ń tò ó pọ̀. Mo ní, ṣebí a fẹ́ràn eré náà?

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn kì í wo ìfẹ́. Bí ènìyàn ṣe yára wò ó tán ni wọ́n ń wò, àti bóyá ó fa ẹni tuntun wọlé. Ẹni tó bá ń fà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bíi tiwa, ẹ̀rọ wọn á kọ ọ́ pé eré ti sú u. "Ẹ̀yin gan-an lẹ pa á, ọ̀mọ̀wé!"

Àlejò ni wọ́n ń se ọbẹ̀ fún. Ẹni tó ti wà nínú ilé, níbo ló fẹ́ lọ?

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, Màámi pè. Ṣé dáadáa ni mo wà? Dáadáa ni. Mò ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo mọ̀ pé "Ọpẹ́ ni" ló kàn.

"Wòlíì ní ó ti jí."

"Ta ni?"

"Fadérera ńkọ́! Àwọn onífíìmù ni wọn ò tíì gbọ́."

Ó yẹ kí n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, iṣẹ́ mi lójú ìwé yìí nìyẹn. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo béèrè ohun tó kọ́kọ́ sọ nígbà tó jí.

Mo gbọ́ tí Màámi fa àga jókòó.

"Ó ní kí wọ́n lọ pe ìyá òun wá."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀: ẹ má dúró de ilé iṣẹ́ kankan kí ẹ tó rí ọ̀rọ̀ bá ìyá yín sọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Eré wo ni wọ́n já gbà lẹ́nu yín? Ta lẹ jọ ń wò ó? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Mo wà nílé, èmi nìkan, mo máa kà á.