Orin Tí Bàbá Olórin Kò Parí

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, orin dúró lẹ́nu màmá mi. Inú ilé ìsìn wa ní Castle Green la wà, ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tí a kùn ní ọ̀dà funfun, tí ariwo mọ́tò ojú ọ̀nà A13 ń bá wa ṣe àmín. Màmá mi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, síbẹ̀ àwọn ló máa ń dá orin fún ìjọ. Wọ́n dá ẹsẹ kìíní, a gbè é. Wọ́n dá èkejì, a gbè é. Wọ́n la ẹnu fún ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ò jáde. Wọ́n dúró nínú aṣọ funfun wọn, láìwọ bàtà bíi ti gbogbo wa, wọ́n ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì, bí ẹni tó ń wá ojú ẹnì kan láàrin èrò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sì tíì kúrò létí mi.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé sí Barking ní Lọ́ńdọ́nù níbí, ẹ̀yin tí ẹ wá tọ́jú aláìsàn àtẹ̀yin tí ẹ wá kàwé, ẹ ò lè mọ bí a ṣe dá wà tó láyé ìgbà yẹn. Lónìí, bí ẹ bá pe “Ẹ̀gbọ́n!” ní ojú pópó, èèyàn mẹ́ta á yíjú. Nígbà náà, ní òpópónà wa ní Upney, níbi tí ilé ti so mọ́ ilé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwa nìkan ni Yorùbá. Ògiri àárín àwa àti aládùúgbò wa fẹ́lẹ́ débi pé bí a bá sín, wọ́n lè kí wa. Bàbá arúgbó kan, ará Látífíà, ilẹ̀ òyìnbó kan tó jìnnà, ló ń dá gbé lódì kejì ògiri náà. Màmá mi gbìyànjú láti pe orúkọ wọn títí, ahọ́n kọ̀ ọ́. Bó bá tiẹ̀ gbà á, ta ló fẹ́ kí ọmọ máa pe àgbà lórúkọ? Bàbá Olórin la sọ wọ́n.

Ìdí tí a fi pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ni pé ní gbogbo ọ̀sán, tí mo bá ti ilé ìwé dé, Bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nínú kíṣìnì wọn. Ohùn tẹ́nọ̀ ni, ohùn ọkùnrin tó gun òkè láìlàágùn. Màá jókòó sórí àtẹ̀gùn, màá gbé etí lé ògiri. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ padà sí wọn láti ọ̀dọ̀ wa, n ò mọ ìtumọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Lọ́jọ́ kan ni Bàbá wá kan ilẹ̀kùn wa. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé ẹjọ́ ariwo ni wọ́n wá rò. Àṣé wọ́n fẹ́ rí ọmọ tó ń kọ èdè ìyá wọn.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń lọ sí kíṣìnì Bàbá nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ìtàn wọn díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú bisikíìtì. Etí òkun ni wọ́n ti bí wọn, apẹja ni bàbá wọn. Orin tí ìyá wọn máa ń kọ tí ọkọ̀ bá ń ti orí omi bọ̀ wálé ni orin àkọ́kọ́ tí wọ́n mọ̀. Olùkọ́ kan gbọ́ ohùn wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì rán wọn lọ sí Ríga, olú-ìlú wọn, láti kọ́ orin. Wọ́n di ẹni tó ń kọrin ọ́pẹ́rà nílé eré ńlá, níbi tí wọ́n ti ń fi orin sọ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ á ṣì kọrin títí kó tó ráyè kú. Mo rẹ́rìn-ín sí èyí, Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi sá, wọ́n gbé àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Jámánì, wọ́n sì gba ibẹ̀ wá sí ilẹ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe mọ́tò ní Dagenham gba ọwọ́ wọn, kò bèèrè ohùn wọn. Àárín ariwo ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń kọrin, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ìṣòro kan ló wà láàrin èmi àti Bàbá. Ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Nílé wa, ọmọ tó bá ń wo àgbà ní kòrókòró ojú, aláfojúdi ni. Bàbá á sì máa tẹ ìka mọ́ tábìlì pé, “Eyes, my girl. Eyes.” Nígbà míì wọ́n á bẹ̀rẹ̀ títí orí wọn á fi kan tábìlì, láti wá ojú mi kàn nísàlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo kọ́ bí a ti ń wò wọ́n, nínú kíṣìnì yẹn nìkan. Ó sì bọ́ sí àkókò, nítorí ọ̀rọ̀ orin ìyá wọn ti ń sá kúrò lórí wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti sá, wọ́n á wò mí, màá fi ètè lásán sọ ọ́, wọ́n á sì gbà á lẹ́nu mi.

Ìgbà tí àwọn ará Látífíà tó wà ní Lọ́ńdọ́nù pé jọ sí gbọ̀ngán kan ní Barking, wọ́n bẹ Bàbá kí wọ́n wá kọrin. Orin ìyá wọn yìí ni Bàbá fẹ́ kọ dé òpin níwájú àwọn èèyàn wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n tó kú. Wọ́n sọ fún mi pé, “You sit front. I forget, I look you.”

Mo jókòó síwájú, màmá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. N ò sọ àdéhùn wa fún wọn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Bàbá kọ ẹsẹ méjì, omijé dà lójú màmá mi tí kò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè náà. Ní ẹsẹ kẹta, ohùn dúró. Ẹni tó ń tẹ dùùrù tún yí i po láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹsẹ náà. Bàbá wò mí. Mo gbójú sókè, mo la ètè. Àfi bí ọwọ́ màmá mi ṣe bà lé ìpàkọ́ mi, tó tẹ orí mi wálẹ̀.

“Ṣé o ò lójútì ni? Is he your mate?”

Bàtà mi nìkan ni mo ń rí. Mo gbọ́ tí dùùrù tún yí po, tí ó sì dákẹ́. Àwọn èèyàn wá pàtẹ́wọ́ fún Bàbá, ìpàtẹ́wọ́ àánú, èyí tó burú ju kí wọ́n hó lọ.

Mo fi ẹkún ṣàlàyé fún màmá mi nílé. Lọ́jọ́ kejì màmá mi dín àkàrà, wọ́n gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà Bàbá, wọ́n sì kúnlẹ̀. Bàbá wò wọ́n títí. Bàbá rò pé àdúrà ni, ni àwọn náà bá di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n kúnlẹ̀. Ẹni tó ń pín lẹ́tà kọjá, ó ṣí fìlà. “My head, missus,” ni Bàbá ń sọ. “Not your hand.”

Wọ́n forí jì wá, ṣùgbọ́n wọn ò kọrin mọ́ títí wọ́n fi kú. Ògiri dákẹ́. Màmá mi á pa rédíò tí wọ́n bá ń dáná, wọ́n á kọjú sí ògiri, wọ́n á máa retí. Èmi náà, ǹ bá ti wọlé lọ kọ orin náà fún Bàbá. Ojú tì mí, mo tún padà sí wíwo ilẹ̀. Ọwọ́ màmá mi ló tẹ orí mi, àmọ́ ọrùn èmi ni. N ò tún un gbé sókè, ó sì ń dùn mí di òní. Àwọn àgbà wa tó ní kí ọmọ má wo ojú, àwọn náà ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Wọ́n ti kọ́ ilé gbígbé sórí ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wà nígbà yẹn. Àwọn ọmọ ìjọ wa ń wò wá lójú báyìí, wọ́n ń sọ pé, “Grandma, that's not fair.” Mo máa ń jágbe mọ́ wọn. Nínú mi lọ́hùn-ún, inú mi ń dùn.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, mo jáde láàrin ìjọ, mo dúró síwájú màmá mi, mo wò wọ́n lójú, mo sì fi ètè lásán sọ ẹsẹ kẹta. Wọ́n gbà á lẹ́nu mi, wọ́n kọ ọ́ parí.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sílé, a kọjá ibùdókọ̀ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni màmá mi ní, “Bàbá Olórin yẹn. Ṣé wọ́n padà parí orin yẹn?”

Irọ́ wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì. “Rárá, Mọ́mì. Wọn ò kọ ọ́ mọ́.”

Mo yíjú sílẹ̀. Ọwọ́ wọn tún bà lé ìpàkọ́ mi, ojú ibẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ó ń gbé orí mi sókè.

“Wò mí lójú, jàre. Kọ ọ́, let me hear.”

Èrò kún bọ́ọ̀sì. Mo wo màmá mi lójú, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kẹta.