Ọkọ̀ Bàbá Mi Nínú Iyọ̀ Ojú Títì

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù nígbà tí Uncle Kàmọ́rù pè mí lórí fóònù. "Mo ti wà níta. Rọra pa ilẹ̀kùn ilé yín dé o, òyìnbó ṣì ń sùn." Mo wọ ẹ̀wù mẹ́ta lérí ara wọn, mo sọ̀ kalẹ̀ láti yàrá tí mo gbà ní Peckham. Òtútù ọjọ́ náà mú débi pé èémí mi ń rú bí èéfín.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi láti kékeré ni Uncle Kàmọ́rù, ará Abẹ́òkúta bíi tiwa. Wọ́n wa bọ́ọ̀sì ní London títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, Nunhead ni wọ́n sì ń gbé. Èmi ò tíì ní láísẹ́ẹ̀sì tí mo lè fi dá wa ọkọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà láti bá mi wa ọkọ̀ náà dé Liverpool. Kọ̀nténà kan wà níbẹ̀ tó ń lọ sí Èkó, aago méjì ọ̀sán ni wọ́n sì máa tì í. Èyí tó sún mọ́ wa ti kún.

Ti bàbá mi ni ọkọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí tí n kò bá ṣàlàyé ẹ ò ní mọ ìdí tí ọkàn mi kò fi balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Pẹ́ńtà mọ́tò ni bàbá mi ní Lafẹ́nwá. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń kun ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ títí èèyàn á fi lè wo eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀, alùpùpù ni àwọn fúnra wọn sì ń gùn lọ sílé. Ọdún kẹrin mi rèé nílùú ọba. Mo kẹ́kọ̀ọ́ jáde, mo ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Brixton, mo tọ́jú owó, mo ra ọkọ̀ kan tó ní àwọ̀ aró. Lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn, wọn ò béèrè ẹ́ńjìnnì. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ara rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Ó ń dán gbinrin, Dádì. Kò sí ìlà kan lára rẹ̀. Bó ṣe wà yìí náà ló máa dé ọ̀dọ̀ yín."

Ìlérí yẹn ni mo gbé sọ́kàn kúrò ní Peckham. Ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe ti olè tàbí ti jàǹbá. Ẹ̀rù iyọ̀ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà òtútù níbí, iyọ̀ ni ìjọba ń dà sójú títì kí omi má baà di yìnyín tí ọkọ̀ á fi máa yọ̀. "Grit" ni wọ́n ń pè é: iyọ̀ pọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́, ó rí ṣákiṣàki, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ilẹ̀ pupa. Ó ń gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ó ń jẹ irin. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ ọkọ̀ àti ríìmù táyà, tí ó sì wà níbẹ̀ pẹ́, ìpẹtà dé nìyẹn. Ẹ wá ro ti ọkọ̀ tó máa wà nínú kọ̀nténà lójú òkun fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ méjì ṣáájú, a ti ra agolo ìda kan ní Forest Hill ní pọ́ùn mẹ́rìnlá. Uncle Kàmọ́rù ní kí n fi pa gbogbo ara ọkọ̀, kí n sì fi pa ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n ní, "Fi sùúrù pa á. Ṣé o kì í fi òrí para nígbà ọyẹ́ ni? Ọ̀kan náà ni."

A gba Camberwell, a gba Vauxhall, a la àárín ìlú já lọ bọ́ sójú títì ńlá tó lọ sí àríwá. Títì náà tẹ́jú débi pé mo lè mu tíì nínú ọkọ̀ láìdà á sára, èyí tí kò ṣeé gbìyànjú lójú ọ̀nà Ṣàgámù. Kò pẹ́ tí a bá ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ oníyọ̀ yẹn níwájú wa, iná olómi-ọsàn ń yí lórí rẹ̀. Iyọ̀ ń fò lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bà wá pa-pa-pa bí ẹni da ìrẹsì sórí páànù.

Mo kígbe, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fà sẹ́yìn!"

"Kí n fà sẹ́yìn lọ síbo? Ṣé o ò rí lọ́rì tó wà lẹ́yìn wa ni? Bí mo bá fà sẹ́yìn, inú bùútù ló máa wọ̀."

Nígbà tó di aago mẹ́fà ààbọ̀, a yà sí ibi ìsinmi kan lẹ́yìn Northampton. "Services" ni wọ́n ń pe irú ibẹ̀: ilé epo, ilé oúnjẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ tónítóní, gbogbo rẹ̀ lójú kan. Ife tíì kan jẹ́ pọ́ùn mẹ́rin. Uncle Kàmọ́rù lọ kírun Àsùbáà nínú yàrá àdúrà kékeré tó wà níbẹ̀, wọ́n ní kí n dúró ti ọkọ̀.

Mo wo ọkọ̀ náà lábẹ́ iná, àánú rẹ̀ ṣe mí. Iyọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára, aró ti di eérú. Ó funfun bí ẹsẹ̀ bíríkìlà. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ ti rí ohun tí ẹ fẹ́ràn tó dọ̀tí lójú yín rí, tí ẹ sì rò pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi rẹ̀. Ó ṣe mí bíi pé bàbá mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ mi, pé wọ́n ń wò ó.

Mo wá ṣe ohun tí gbogbo dírébà àdúgbò wa máa ń ṣe nígbà ọyẹ́. Bí eruku bá ti bo ọkọ̀, wọ́n á yọ àkísà gbígbẹ lábẹ́ ìjókòó, wọ́n á nù ún kíá kí ọ̀gá tó jáde. Èmi náà mú àkísà nínú bùútù. Mo nu bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo nu ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ dírébà. Mo fi gbogbo agbára nù ún. Inú mi tilẹ̀ ti ń dùn díẹ̀.

"Yéè! Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Uncle Kàmọ́rù ló ti yàrá àdúrà dé.

"Mo ń nù ún ni, sà."

"Láìsí omi?" Wọ́n gba àkísà lọ́wọ́ mi, wọ́n tan iná fóònù sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìlà tín-ín-rín pọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n yí po bí òwú aláǹtakùn. "Graduate! Chemistry lo kà, o ò mọ̀ pé iyọ̀ ní eyín?"

Mo mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún irin, mo lè kọ ọ́ sínú ìdánwò. Mi ò rántí pé òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, pé ọwọ́ mi ló ń fi òkúta yẹn ha ọkọ̀ bàbá mi.

Láti ibẹ̀ dé Liverpool, ojú mi kò kúrò lára bọ́nẹ́ẹ̀tì. Uncle Kàmọ́rù kíyè sí i. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí, gbọ́. Bí ọkọ̀ bá dé ilé, sọ pé àwọn oníkọ̀nténà ló ha á. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń fara gbọgbẹ́ lójú omi. Ta ló máa lọ bi òkun léèrè?"

Mo rò ó, ẹ dárí jì mí. Mo rò ó fún bí ogójì máìlì.

Ní Liverpool a wá ibi ìfọkọ̀ kan, pọ́ùn méjìdínlógún. Ará Kurdistan onírùngbọ̀n kan ló fọ̀ ọ́. Omi ló kọ́kọ́ yìn sí abẹ́ ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ní abẹ́ ni iyọ̀ ń sá pamọ́ sí. Ó fi ọṣẹ tó ń hó bo ara ọkọ̀, ó dúró kí ọṣẹ náà fúnra rẹ̀ ṣàn kalẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí kó tó fọwọ́ kàn án. Ríìmù ní búrọ́ọ̀ṣì àti bákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà tó fẹ́ gbẹ ẹ́, ńṣe ló tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì lé e, kò fi nù ún. Iyọ̀ lọ. Ìlà mi kò lọ. Ó ní òun lè fi ẹ̀rọ yọ ọ́, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta ni. Aago mọ́kànlá ti kọjá.

Ní ọgbà kọ̀nténà, wọ́n ti ọkọ̀ náà wọlé díẹ̀díẹ̀. Kí n sọ òótọ́, mo jowú rẹ̀. Ó ń lọ síbi tí mo fẹ́ lọ láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó máa gbọ́ ohùn bàbá mi kí n tó gbọ́ ọ lójúkojú, ó máa gba abẹ́ Olúmọ kọjá, ìyá mi á jókòó nínú rẹ̀. Èmi ni mo rà á, òun ló ń lọ sílé. Mo mọ̀ pé ó jẹ́ ìwà òmùgọ̀ láti jowú irin, ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú mi.

Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, mo sáré wọlé, mo ya fọ́tò bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi pẹ̀lú ohùn mi: "Dádì, ẹ má bínú. Èmi ni mo fi àkísà gbígbẹ ha á. Kò rí bí mo ṣe ṣèlérí mọ́."

Uncle Kàmọ́rù mi orí. "Ìwọ àti òótọ́ rẹ."

A wọ rélùwéè padà, pọ́ùn méjìlélógójì ẹnì kọ̀ọ̀kan. Uncle sùn, wọ́n ń hanrun. Èmi ń wo fóònù. Ní ibùdókọ̀ Crewe, mo rí i pé bàbá mi ti gbọ́ ohùn mi. Wọn ò dáhùn. Títí a fi dé London, wọn ò dáhùn.

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Peckham Rye, tí fóònù dún.

"Iná ò sí, mo lọ fi fóònù sí chárjì níta ni," ni bàbá mi sọ. Mo ti ń kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ láìmọ̀. "Ọwọ́ wo lo fi nù ún?"

"Ọwọ́ òsì, sà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Mo sọ fún ìyá rẹ! Ó ní ò ń gba ẹ̀bi ẹlẹ́bi rù ni, pé àwọn tó tà á fún ọ ló ṣe é. Mo ní kó wo bí ìlà náà ṣe yí, pé ọwọ́ òsì ọmọ mi nìyẹn. Gbogbo bí a ṣe nà ọ́ tó lórí ọwọ́ yẹn, o ò jáwọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì. Ṣé ó ṣeé yọ?"

"Ṣé o mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe ṣá? Ogún ìṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ ọ́."

"Kí ló dé, sà?"

Àwọn èrò ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ẹnì kan ní "sorry". "Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń rí ojú rẹ nínú fóònù," ni wọ́n wí. "Mi ò rí ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe rí. Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí o bá dé, ìwọ lo máa bá mi yọ ọ́."

Ohun tí ìrìnàjò yìí kọ́ mi kò ju èyí lọ: ẹ máa da omi sí iyọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ sì máa tètè jẹ́wọ́ fún àwọn tó fẹ́ràn yín, nítorí ẹ ò mọ ohun tí ojú wọn ń wá nínú àṣìṣe yín.

Bàbá mi béèrè ìgbà tí mo ń bọ̀. Mi ò ní ọjọ́ kankan láti sọ. Mo ní, "Ẹ máa ra kànrìnkàn méjì sílẹ̀, sà."