Ẹran Tí Bàbá Mi Jẹ ní Dublin

Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí bàbá mi bá ti jẹ ẹran tán, tí wọ́n ti họ eegun rẹ̀ mọ́ tónítóní, wọn á mí kanlẹ̀. "Ẹran yìí dùn," wọn á ní, "ṣùgbọ́n ẹran kan wà tí mo jẹ ní Dublin." Màmá mi kì í jẹ́ kí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ wọ bàálù lọ bá a níbẹ̀ o jàre," ni màmá mi máa ń fi dá wọn lóhùn, àwa ọmọ á sì bú sẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ wíwọ̀n ni bàbá mi lọ kọ́ ní Ireland nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, kí wọ́n tó mọ màmá mi rárá. Ohun tí wọ́n mú bọ̀ kò pọ̀: ẹ̀wù òtútù kan tí kòkòrò ti jẹ nínú àpótí, tíì mímu láàárọ̀, àti ọ̀rọ̀ ẹran yìí. Wọ́n ní a kì í bọ̀ ọ́ kí a tó dín in. Inú bọ́tà gbígbóná ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí ní tútù, wọ́n á wá da wisikí sínú páànù náà, iná á sọ, wọ́n á fi àlùbọ́sà àti ọ̀rá wàrà sí i, ó di ọbẹ̀. A ò gbà wọ́n gbọ́. Ní ojú tiwa, ẹran tí a ò bọ̀, ẹran tútù ni. Wisikí sì rèé, inú ife àwọn àna àti àlejò pàtàkì ni a mọ̀ ọ́n sí. Ta ló ń fi í se ọbẹ̀?

Mo dàgbà, mo wá kàwé ní Berlin, mo sì dúró síbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní àdúgbò Schöneberg ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àdúgbò Gesundbrunnen ni mo ń gbé. Bọ̀dá mi ti ṣáájú mi dé Jámánì. Hamburg ni òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn wà. Nígbà tí màmá wa kú, tó wá ku bàbá mi nìkan nínú ilé ńlá yẹn, bọ̀dá mi gba fisà fún wọn pé kí wọ́n wá lo ìgbà ooru lọ́dọ̀ wa.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kí wọn ní Hamburg. Mo bá wọn ní pálọ̀, wọ́n tẹ́ ìwé àwòrán ilẹ̀ tí ọmọ bọ̀dá mi ń lò níléèwé sórí itan. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò wọn ọ̀nà láti Hamburg lọ sí Dublin, bí ìgbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n.

"Kò jìnnà mọ́," ni wọ́n wí, inú wọn ń dùn. "Láti Ìjẹ̀bú ló jìn. Láti ibi tí a dé yìí, ó kù díẹ̀."

Mo wo bọ̀dá mi, bọ̀dá mi wo mí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ́ nínú wa. Nígbà tó yá, bọ̀dá mi wọ́ àga sún mọ́ wọn.

"Dádì, fisà tí ẹ gbà yìí ò dé Ireland. Wọn ò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ ń lò ó."

"Wọn ò sí lára wọn?"

"Wọn ò sí, sà."

"Ó dáa." Wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n sì dá a padà fún ọmọ tó ni ín.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò dárúkọ Dublin mọ́. Ohun tí ìyàwó bọ̀dá mi bá sè ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á sì dúpẹ́. Bí bọ̀dá mi bá mú wọn lọ sí etí odò Elbe, wọn á dúró, wọn á máa wo àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń jáde lọ sójú òkun. "Níbo lèyí ń lọ?" ni wọ́n máa ń bèèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ̀dá mi ò mọ̀. Kò pẹ́ tó fi pè mí lórí fóònù.

"Àbúrò mi, wá mú wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ fúngbà díẹ̀. Ara wọn ò yá gágá mọ́."

Inú ọkọ̀ ojú irin tí a wọ̀ padà sí Berlin ni mo ti sọ fún wọn pé màá se ẹran náà fún wọn.

"Ìwọ?" Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ tó o máa ń sunkún bí ẹran bá pupa nínú?"

"Èmi náà ni, sà."

Ọkùnrin ará Turkey tó ń ta ẹran nítòsí ilé mi ló bá mi gé e. Mo ṣàlàyé ohun tí mo fẹ́ sè, àmọ́ mi ò sọ ti wisikí fún un. Ó mú ẹ̀yìn màlúù wá, ibi tí kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀, ó gé e nípọn, ó sì ní kí n jẹ́ kó kúrò nínú fíríìjì pẹ́ díẹ̀ kí n tó gbé e kaná. Ilé ìtajà mìíràn ni mo ti ra ìgò wisikí kékeré kan, ti Ireland.

Bàbá mi gbé àga wá sínú kíṣìnì, wọ́n jókòó tì mí. Mo fi iyọ̀, aáyù àti ata dúdú pa ẹran náà lára. Bọ́tà yọ́, mo tẹ́ ẹran sí i, ó pariwo. Mo na ṣíbí sí i láti yí i.

"Fi í lẹ̀," ni wọ́n wí. "Má dà á láàmú."

Nígbà tó pọ́n dáadáa lójú méjèèjì, mo kó o kúrò, mo da àlùbọ́sà àti olú sínú ọ̀rá tó kù. Mo wá da wisikí sí i. Iná sọ gbà! Mo kígbe, mo fò sẹ́yìn, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èéfín lókè àjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mo gun àga, mo ń fi táwẹ́ẹ̀lì fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n di ikùn mú, omi ń bọ́ lójú wọn. Mi ò tíì rí ẹ̀rín wọn láti ìgbà tí a ti sin màmá mi.

Mo da omi tó jáde lára ẹran náà sí i, mo da ọ̀rá wàrà lé e, ọbẹ̀ náà ki. Mo bù ú sórí ẹran àti ọ̀dùnkún òyìnbó tí mo ti sè. Eyín àtọwọ́dá ni bàbá mi ń lò, nítorí náà mo gé tiwọn wẹ́wẹ́. Wọ́n jẹ ẹ́ pẹ́.

"Ó dùn," ni wọ́n wí.

"Ṣùgbọ́n?"

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun."

Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. "Kí ló kù nínú ẹ̀, Dádì?"

Wọ́n gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. Wọ́n ní ìgbà òtútù kan ni ọmọ ìlú wa kan tí àwọn jọ wà ní Dublin wá kan ilẹ̀kùn àwọn, tó wá sọ pé ìyá tó bí àwọn ti kú, wọ́n sì ti sin ín. Kò sí bí wọ́n ṣe lè dé Ìjẹ̀bú. Wọ́n ti ara wọn mọ́ yàrá. Opó kan ló ni ilé tí wọ́n ń gbé, obìnrin tí kì í bá wọn sọ̀rọ̀ àfi tó bá ń pariwo pé kí wọ́n pa iná. Obìnrin yìí wọ inú òjò lọ, ó ra ẹran tí òun fúnra rẹ̀ kì í jẹ bí kì í bá ṣe Kérésìmesì. Ó kan ilẹ̀kùn, ó ní, "Sọ̀ kalẹ̀ wá."

"Wisikí tí ọkọ ẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú ló dà sínú páànù," ni bàbá mi wí. "Kò kí mi kú ará fẹ́ra kù. Ó kàn jókòó síwájú mi. Omijé mi ń kán sínú àwo, ó ń bu ọbẹ̀ sí i, títí mo fi jẹun tán."

"Ẹ ò sọ èyí fún wa rí."

"Mi ò sọ ọ́ fún màmá yín pàápàá." "Òun ni mo fẹ́ lọ kí. Mo mọ̀ pé kò lè sí láyé mọ́. Ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ ni mo kàn fẹ́ lọ dúró sí."

Bàbá mi tọ́ka sí àwo mi. "Jẹ tìẹ, ó ti ń tutù." Mo mú ẹran kan sẹ́nu, ni ẹkún bá gbọ̀n mí. Bí a ṣe sunkún màmá mi nìyẹn, èmi àti bàbá mi, níwájú oúnjẹ. Níbi ìsìnkú, èrò ti pọ̀ jù. Kálukú ló ń ṣọ́ ojú ara rẹ̀.

A sè é lẹ́ẹ̀kan sí i, a tún sè é. Bọ̀dá mi àti ìyàwó rẹ̀ wá láti Hamburg ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Ìyàwó bọ̀dá mi gé tirẹ̀, ó rí i pé ó pupa nínú, ó ní, "Dádì, ẹ má bínú o, ẹran yìí ṣì ń ké." Ó dá a padà sórí iná títí tó fi le bí pákó, ó sì jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú ìgbéraga.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, bàbá mi padà sílé. Bọ̀dá mi ti ń wá fisà Ireland fún ọdún tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n dókítà wọn ní kí wọ́n má wọ bàálù mọ́. Mo ní kí èmi lọ bá wọn wo ilé náà, kí n ya fọ́tò rẹ̀. Wọ́n kọ̀. "Kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Ìwọ ò mọ̀ ọ́n."

Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ se ẹran náà lọ́jọ́ Sunday, mo máa ń kọ́kọ́ pè wọ́n. Mo máa ń gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí n tó tẹ́ ẹran sínú bọ́tà.

"Mo ń gbọ́ ọ," ni wọ́n wí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo bi wọ́n pé ìró rẹ̀ ni àbí òórùn rẹ̀. Mo ń gbọ́ adìẹ tó ń ké ní àgbàlá wa, mo ń gbọ́ bí bàbá mi ṣe ń mí. Mo fẹ́ gbá wọn mọ́ra. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá já, mo tún pè, kò wọlé. Mo jẹun lójú fèrèsé, mo sì bu ìyókù síbi tí màá ti rí i jẹ lọ́la.